Ṣé ẹ̀lú lè sọ ewú tí làálì ti mú pọ́n di dúdú?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, orí ewú màmá mi ni mo sì fẹ́ bèèrè nípa rẹ̀. Ara wọn kò gba èròjà PPD tí ó máa ń wà nínú àwọ̀ irun dúdú tí à ń rà. Ńṣe ni awọ orí wọn máa ń yún, tí ó sì ń wú, nítorí náà ewé nìkan ni wọ́n fẹ́ lò.

Mo ra làálì lílọ̀ ní Ọjà Ọba, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti oje ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, mo sì jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí n tó fi kùn wọ́n lórí. Ó mú dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ewú náà pọ́n bí epo pupa, inú wọn kò sì dùn sí i rárá. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀ pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, pípọ́n náà kàn jinlẹ̀ sí i ni. Omi tíì dúdú tí mo fi lé e ṣàn dànù nígbà tí a fọ irun.

Mo mọ̀ pé ní Íńdíà, lẹ́yìn làálì, ìyẹ̀fun ewé ìńdígò, ewé tí ó ní aró nínú, tí a fi omi lásán pò ni wọ́n ń lò kí irun lè dúdú. Ẹ̀lú tiwa náà ní aró yẹn nínú, ṣùgbọ́n omi eérú ni àwọn aláró fi ń yọ ọ́ nínú ìkòkò, èmi kò sì ní jẹ́ kí omi eérú kan orí màmá mi, nítorí pé ó ń jẹ awọ ara.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀lú, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá já ewé rẹ̀ ní tútù, tí mo sá a gbẹ lábẹ́ ibòji, tí mo lọ̀ ọ́, tí mo sì fi omi lásán pò ó, ṣé yóò mú lórí irun tí ó ti gba làálì, báwo ni kí ó sì ti pẹ́ tó lórí kí a tó fọ̀ ọ́?