Ẹ̀fọ́rí ẹ̀bátí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń gan láràárọ̀

Aránṣọ Ìbàdàn:
Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹ̀fọ́rí ti ń jí mi ní ẹ̀bátí méjèèjì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á sì gan bí ẹni tó jẹ àgbàdo gbígbẹ mọ́jú. Bí mo bá ya ẹnu, nǹkan kan a máa dún kẹ́kẹ́ níwájú etí ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lo oògùn ibà, pàbó ló já sí. Ọkọ mi ní mo máa ń pa eyín keke lójú oorun. Ìyá mi ní aràn ni. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Eléyín:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Aràn kọ́. Ẹ fi ìka kan síwájú etí kí ẹ sì ya ẹnu, ẹ ó mọ oríkèé àgbọ̀n bó ti ń yí. Iṣan kan tí a fi ń jẹun wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, òmíràn tẹ́ sí ẹ̀bátí, nítorí náà bí ẹ bá fi òru há eyín pọ̀, ibẹ̀ náà ni ẹ̀fọ́rí yóò ti yọjú. Dókítà eyín lè wọn ẹnu yín kí wọ́n fi ṣe ìbòrí eyín oníke tí ẹ ó máa fi sùn. Kì í sábà dá pípa eyín keke dúró, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí eyín lọ ara wọn jẹ. Ẹ fi obì, ẹran líle àti ṣingọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì máa fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ẹ tó sùn.

Télọ̀ Àgbà:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kì í fi eyín gé òwú, tàbí kí ẹ fi eyín há abẹ́rẹ́? Iṣẹ́ kan náà ni a jọ ń ṣe, ojú ọ̀sán sì ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀: bí mo bá ti ń fi apá mọ́ bùbá báyìí, eyín mi á ti há pinpin láìjẹ́ pé mo mọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí maṣíìnì. Nígbàkígbà tí ojú mi bá kàn án, màá pa ètè dé, màá jẹ́ kí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ jìnnà síra, màá sì fi ahọ́n sinmi sí àjà ẹnu.

Aránṣọ Ìbàdàn:
Abẹ́rẹ́ méjì wà lẹ́nu mi bí mo ti ń ka èyí, sà. Paracetamol ni mo ń lò lójoojúmọ́ báyìí.

Nọ́ọ̀sì Eléyín:
Ìyẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí bí a bá ń lò ó tó ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, òun fúnra rẹ̀ lè máa fa ẹ̀fọ́rí. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi sertraline, tàbí tí ẹ ń hanrun tí èémí sì ń dá dúró lójú oorun, ẹ sọ fún dókítà, torí wọ́n lè wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ti lé ní 50 ọdún, tí irú ẹ̀fọ́rí yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí àgbọ̀n ń ro ó bó bá ń jẹun, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lè fọ́ni lójú lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.