Ẹ̀yìnlàárò: ajá kékeré, ariwo bọ́ọ̀lù àti àsìkò ìbò

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta ọdún 2023, ọjọ́ ìbò gómìnà, ni ajá tèmi yàn láti ṣàìsàn. Ajá Eskimo ni, funfun báláú, kò tíì ju ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó ti ń bì láti òru, nígbà tí ilẹ̀ sì fi mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Dókítà ẹran tí mo pè lórí fóònù ní ó jọ parvo, àrùn tó máa ń gbẹ omi ara ọmọ ajá tán kí ènìyàn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àti pé bí n kò bá tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ òun kí wọ́n fa omi sí i lára, kí n má yọ ara mi lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ti fòfin de ìrìn ọkọ̀. Mo tẹ́ ìró ìyàwó mi sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé ajá sí i, mo da aṣọ bò ó, mo sì fẹsẹ̀ rìn láti Mọ̀lípà lọ sí Fólágbádé.

Àwọn ọlọ́pàá dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gbé apẹ̀rẹ̀ tí a bò mọ́lẹ̀ kiri lọ́jọ́ ìbò, ẹ mọ ohun tí wọn yóò rò: owó dìbò-kóo-sebẹ̀ ni. Ọ̀gá wọn ní kí n ṣí i. Òórùn parvo kò jọ òórùn ohun mìíràn, bí ó ti kọlu ọkùnrin náà, ó fi ọwọ́ bo imú, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ máa lọ, ẹ máa lọ." Ọjọ́ márùn-ún ni ajá náà fi gba omi kó tó lè jẹun. Àṣìṣe tèmi ni, nítorí abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ṣoṣo ni mo gbà fún un, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí wọ́n máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé bí ọ̀sẹ̀ 16. Ní ti ìbò, n kò dì í. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó wá bá mi tọ́jú ajá lọ́jọ́ ìbò tó ń bọ̀.

Láti Ìkẹ́nnẹ́

Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ka ti apẹ̀rẹ̀ yẹn, nítorí ọdún kan náà ni ojú tèmi rí nǹkan. Orúkọ ajá lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti aládùúgbò tí a ti jọ ń fa omi nínú kànga kan fún ọdún mọ́kànlá.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ mi obìnrin gbé ajá Lhasa kan wá fún mi láti Èkó, kí n má baà máa dá sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ìparí ọdún 2022 ni. Ajá náà kò ga tó àpótí ìdáná, irun sì bo ojú rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí olówó rẹ̀ dá òun mọ̀. Ilẹ̀ Tibet ni ìran rẹ̀ ti wá. Níbẹ̀, inú ilé ìsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni irú rẹ̀ máa ń ṣọ́, tí àwọn ajá ràbàtà á máa ṣọ́ ìta, ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn kò fi lè dún kó dákẹ́. Àwa Yorùbá sì mọ bí a ṣe ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí ẹni tí a kò lè bá wí lójú. Èmi kò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mò ń rò nígbà tí mo sọ ọ́ ní Ẹ̀yìnlàárò.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n fi aládùúgbò mi jẹ alága ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní wọ́ọ̀dù wa. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Láràárọ̀ tó bá ń jáde lọ sí ìpàdé, èmi náà á wà lẹ́nu ọ̀nà, mà á máa pariwo pé, "Ẹ̀yìnlàárò! Kúrò lẹ́yìn wọn, wọn ò ní fún ẹ ní nǹkan kan!" Ajá ni mò ń bá wí, nítorí ó máa ń tẹ̀lé ẹni tó bá gbé ọ̀rá dání. Ẹ sáà wo bí yóò ṣe dún létí olóṣèlú. Ó mú un mọ́ra fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Màmá, ẹ kú àárọ̀ o. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ bá wa sọ, ẹ pè wá wọlé. Ẹ má rán ajá." Ẹ̀rín pa mí, ìyẹn ló sì tún bí i nínú jù.

Ọ̀rọ̀ wá burú sí i lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọ àgbàlá wa. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó ga ju bí 20,000 Hertz lọ, ṣùgbọ́n ti ajá ń gbọ́ tó bí 45,000, nítorí náà ohun tí ó jọ ìfé lásán létí wa lè máa gún un bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀yìnlàárò sá sábẹ́ àga. Ọmọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ láti fà á jáde, ajá sì bù ú jẹ lọ́rùn ọwọ́. Kíá, ariwo yí padà: "Màmá ti fi ajá ẹgbẹ́ kejì bù wá jẹ!" N kò dá wọn lóhùn. Mo fa ọmọ náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, nítorí àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ohun àfiṣeré. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Lẹ́yìn náà ni mo mú káàdì àjẹsára ajá jáde. Alága gbà á, ó kà á, ó tún un kà, ó ní, "Màmá, ṣé láti oṣù kejìlá ni wọ́n ti kọ Ẹ̀yìnlàárò sórí káàdì yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ gba abẹ́rẹ́.

A kò di ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ náà o. Ìlú tí wọ́n bí Awólọ́wọ̀ sí ni Ìkẹ́nnẹ́, gbogbo wa ló sì rò pé a jogún òṣèlú. Bọ́ọ̀lù ni mo fara mọ́ ní tèmi. Ní 2023, iye àmì kan náà ni Remo Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa, àti Enyimba ní nígbà tí ìdíje àṣekágbá líìgì láàárín ẹgbẹ́ mẹ́fà parí, 9 sí 9, iye góòlù ló yà wọ́n, Enyimba ló sì gba ife. Remo Stars tún ṣe ipò kejì ní 2024, síbẹ̀ n kò gbọ́ pé ẹnì kankan gbé àpótí ẹ̀rí lọ sílé ẹjọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ife ẹ̀yẹ náà wá dé. Nígbà tí eré fẹ́ parí ni wọ́n jẹ góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi lu Niger Tornadoes níbí ní Ìkẹ́nnẹ́, ìlú sì mì. Ariwo yẹn dé ilé mi. Ajá mi gba abẹ́ géètì jáde, n kò sì rí i mọ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Alága ló gbé e dé, ó fi jẹ́sì aláwọ̀ sánmọ̀ rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun. Abẹ́ àtẹ olóbì ló ti rí i, mo sì kọ́kọ́ ya ẹnu ajá wò bóyá ó jẹ obì, nítorí kafíìnì inú rẹ̀ lè ṣe ọkàn ajá ní jàǹbá. Kò jẹ nǹkan kan. Ọkùnrin náà kò jókòó, ó kàn ń nu òógùn.

Ó ní láàárín èrò tó ń jó ni òun ti rí ìrù rẹ̀ fìrí, ni òun bá ń sáré, tí òun ń ké pé, "Ẹ̀yìnlàárò! Ẹ̀yìnlàárò!" Akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ló dúró níwájú òun gan-an. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó béèrè ẹni tí Alága ń bá wí, láti ìgbà náà kò sì gbé fóònù òun mọ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú káàdì àjẹsára náà dání, a sì jọ lọ.