Porsche mi ti tà, ẹ bá mi ti ọ̀rọ̀ yìí pa

Ẹ kú àdúró o. Mo béèrè níbí pé èló ni Porsche 911 mi ti ọdún 2002, oníjíà máńúà, lè pa ní Ìkòròdú. Bàbá kan láti Ìjẹdé ti gbé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé 996 (irú 911 tí tèmi jẹ́) kì í pa owó gidi, ẹ ò parọ́ tán. Òun ni 911 àkọ́kọ́ tó ń fi omi tu ẹ́ńjìnnì lójú, àwọn olólùfẹ́ 993, èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó ń lo afẹ́fẹ́, ò tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n bíárìnì IMS, ìyẹn bíárìnì ọ̀pá kan nínú ẹ́ńjìnnì, gan-an ló ń já owó rẹ̀ wálẹ̀: tó bá fọ́, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn. 911 Turbo àti 911 GT3 ìgbà náà ò ní wàhálà yìí, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n wọ́n ju tèmi lọ fíìfíì.

Mo ti pààrọ̀ bíárìnì tèmi, rìsíìtì sì wà. Bàbá yẹn ka rìsíìtì ju bó ṣe wo ọkọ̀ lọ! Máńúà náà gbè mí. Ó ní òun ò fẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì rárá. Abẹ́ bọ́ńpà tí títì Ìtóìkín ti ha nìkan ló fi ná an wálẹ̀ (ẹni tó mọ títì yẹn ò ní béèrè).

Iye rẹ̀? Ó ju èyí tí oníṣòwò ọkọ̀ kan ní Ṣábọ̀ọ́ fẹ́ san lọ, kò tó èyí tí mo ń lá àlá rẹ̀. Ẹ má pè mí mọ́, ọkọ̀ ti lọ.