Ẹ gbà mí o: oúnjẹ ilé ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ dá mi dùbúlẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Òkun:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi á gùn, mi ò sùn láti àná. Ọjọ́ Ajé la dé sílé àwọn ọkọ mi fún Iléyá àti Ojúde Ọba. Ọkọ mi àti àwọn régbérégbé ẹ̀ ti ń dá owó aṣọ láti bí oṣù mẹ́rin. Iye tí wọ́n dá, n ò ní sọ ọ́ níbí. Báàgì mẹ́ta la dì, méjì ló bá wa dé. Ẹ̀kẹta tó ṣẹ́kù sọ́hùn-ún, òun gan-an ni búrẹ́dì mi, bisikíìtì mi àti gbogbo oúnjẹ mi wà nínú ẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú ní ká máa pè. A ń pè, orin ni wọ́n ń kọ fún wa.

Àìsàn coeliac ló ń ṣe mí. Oṣù kejì ọdún yìí ni wọ́n rí i ní Ìlú Ọba, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ki ẹ̀rọ gba ọ̀nà ọ̀fun wo ìfun mi. N ò gbọdọ̀ jẹ àlìkámà mọ́ láyé mi. Fáàrí kọ́ o! Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ mi ń pè mí ní ìyàwó òyìnbó. Ìyá ọkọ mi gbé semo wá lálẹ́ tá a dé, mo ní ẹ̀bà ni mo fẹ́, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Àtìgbà náà, ẹ̀bà àti ìkọ́kọrẹ́ nìkan ni mò ń jẹ. Síbẹ̀, láti Ọjọ́rú, inú mi wú bí ìlù, ìgbẹ́ gbuuru, orí fífọ́. Àkùkọ ilé kejì ò tún jẹ́ kéèyàn sinmi. Mo ti ń rò ó pé bóyá wọ́n ń fi nǹkan sí oúnjẹ mi ni. Kí ni mo lè jẹ ní ìlú yìí?

Ìyá Rẹ̀mí, Ṣàgámù:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọ̀lísà nìyẹn, ọgbẹ́ inú. Nígbà tí mo wà nínú oyún àbíkẹ́yìn mi, báyìí gan-an ló ṣe mí, wọ́n ní kí n máa mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀ kùtù. Ọmọ yẹn ti wọ yunifásítì báyìí.

Ọmọ Ìperu:
Kí ló dé tí ẹ kọ semo? Àgbàdo mà ni semo.

Alága Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ọ̀rọ̀ "wọ́n ń fi nǹkan sí i" yẹn ò dùn létí rárá. Ìyá ẹni ẹlẹ́ni lò ń bà lórúkọ jẹ́ ní gbangba, tó o sì ń sùn sábẹ́ òrùlé ẹ̀. Àwọn ìyàwó ìsinsìnyí!

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́:
Ìyá Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí kì í ṣe ọ̀lísà. Ara àwọn tó ní coeliac máa ń dojú ìjà kọ ìfun ara wọn tí gluten, èròjà kan tó wà nínú àlìkámà, bá ti wọlé, àwọn nǹkan tíntìntín bí irun inú ìfun, tó ń fa èròjà oúnjẹ, á sì máa run. Oògùn ẹ̀ kan ò sí ju kéèyàn yẹra fún un lọ.

Ọmọ Ìperu, yí páálí semo ilé yín kó o kà á. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà, àlìkámà ni.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, orógùn wo ni wọ́n fi ń ro ẹ̀bà yín? Orógùn ni mo wí o, kì í ṣe orogún. Tó bá jẹ́ orógùn igi tí wọ́n fi ń ro semo náà ni, ara igi máa ń mu nǹkan sínú, ó sì lè ṣòro láti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Magí wo ló wà nínú ìkọ́kọrẹ́? Kí lẹ sì ń mu?

Bàbá Rẹ́mọ:
Ẹ fi ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀, ẹ wá jẹ ebìrìpò lọ́dọ̀ wa. Kókò la fi ń ṣe é, inú ewé la ti ń sè é, àlìkámà ò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Alága Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ta ló sọ pé ti Rẹ́mọ nìkan ni ebìrìpò?

Bàbá Rẹ́mọ:
Èmi ni.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Òkun:
Ẹ̀gbọ́n Alága, mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, èrò ọkàn mi ni mo sọ. Ẹ ò sùn níbi tí mo sùn. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mi ò mu nǹkankan tí kò ní ìdérí. Mọ́ọ̀tì tútù nìkan ni, bí 2 tàbí 3 lójúmọ́, oòrùn yìí pọ̀. Kò sí àlìkámà nínú mọ́ọ̀tì.

Nọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́:
Haa! Àǹtí, ọkà báálì ló wà nínú mọ́ọ̀tì. Gluten wà nínú àlìkámà, ó wà nínú báálì, ó wà nínú ọkà kan tí wọ́n ń pè ní rye. Bíà náà ní i. Ní Ìlú Ọba níbẹ̀, oúnjẹ tí gluten inú ẹ̀ bá ju 20 miligíráàmù lọ nínú kílò 1, wọn ò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí i pé kò ní gluten. Ẹ wá wo ìgò mẹ́ta lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra orógùn tuntun fún yín. Iyán, fùfú, àmàlà tí ẹ bá dá èlùbọ́ ẹ̀ mọ̀, ìrẹsì Ọ̀fàdà, ẹyin, ẹja, gàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹ̀pà, gbogbo ẹ̀ dára. Dòdò àti ẹran Iléyá náà, tí wọn ò bá ti din púfpúf nínú òróró yẹn tẹ́lẹ̀. Iná kì í pa gluten. Ọ̀jọ̀jọ̀ ìta, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́, àwọn kan ń fi fúláwà sí i. Ẹ máa mu omi oníyọ̀ oníṣúgà, tí ìgbẹ́ náà ò bá dá títí ọ̀la, ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Ọmọ Ìperu:
Èmi ṣì mọ̀ pé àgbàdo ni semo.

Ìyá Rẹ̀mí, Ṣàgámù:
Kí ni ìyá ọkọ ẹ sọ nígbà tó o ṣàlàyé àìsàn yìí fún un?

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Òkun:
Nọ́ọ̀sì, orógùn kan náà ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú wò ó ní kíṣìnnì.

Ìyá Rẹ̀mí, Ṣàgámù:
Mo bi ọ́ ní nǹkan.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Òkun:
Mi ò tíì sọ fún wọn mà. Mo bẹ ọkọ mi kó má sọ. Ọdún kẹta wa nìyí, a ò tíì bímọ. Tí wọ́n bá gbọ́ pé àìsàn kan wà nínú ikùn mi, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa kà á sí. Mo sọ fún wọn pé dókítà ní kí n má sanra ni.

Alága Ìjẹ̀bú-Igbó:
Olúwa ò. Ìyẹn ni pé obìnrin yẹn ń gbọ́únjẹ fún ẹni tó ń sá fún sísanra, o wá ń bínú pé kò mọ̀!

Ìyá Rẹ̀mí, Ṣàgámù:
Alága, ó tó. Ọmọ mi, wọlé tọ̀ wọ́n lọ lálẹ́ yìí, kúnlẹ̀, kó o sọ ọ́. Èmi náà ti jẹ́ ìyá ọkọ.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Òkun:
Mo ti sọ fún wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n wá ní, ṣé torí ẹ̀ ni n ò ṣe fọwọ́ kan búrẹ́dì tí àwọn rìn dé ọjà Òkè-Ajé lọ rà fún mi? Àwọn rò pé mo kórìíra àwọn ni. Wọ́n ti rán ọmọ lọ ra orógùn àti ìkòkò, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má fi ro nǹkan míì. Wọ́n tún bi mí pé, magí ńkọ́? A jọ ń ka ẹ̀yìn páálí ẹ̀ pẹ̀lú jígí ojú wọn. Báàgì ò tíì dé o.

Ọmọ Ìperu:
Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn páálí semo wọn náà, ẹ jọ̀ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Òkun:
Àlìkámà ni.