Báwo ni mo ṣe lè pàṣẹ fún àgbà lẹ́nu iṣẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti oṣù 3 sẹ́yìn ni ọ̀gá ti fi mí ṣe olórí àwọn 8 tó ń po fúláwà lóru. Bàbá kan wà láàárín wọn, ọwọ́ wọn mọ́ iṣẹ́ gan-an, àmọ́ tí mo bá ní ká wọn yíìsì (ohun tó ń mú búrẹ́dì wú) lórí òṣùwọ̀n, ṣe ni wọ́n á fọwọ́ bù ú, àwọn ọ̀dọ́ á sì tẹ̀ lé wọn. Lánàá, búrẹ́dì wú kọjá páànù, ó dà sínú ààrò. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, mo tiẹ̀ kúnlẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ara mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè darí wọn láì rí wọn fín? Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣeun, mo ń retí yín.