Conference wo ló le jù nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún yìí?

Awakọ̀_Houston (25 August 2025)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan kí Sátidé tó dé, lórí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, kì í ṣe aláfẹsẹ̀gbá) tí àwọn yunifásítì ń gbá. Conference ni ìdìpọ̀ yunifásítì tó ń bá ara wọn figagbága lọ́dọọdún; SEC, Big Ten, Big 12 àti ACC wà lára wọn.

Awakọ̀ tírélà ni mí ní Houston níbí, ibi tí a ti ń jẹun ọ̀sán ní yáàdì sì ti di pápá ìjà. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Alabama, ní SEC, conference tiwọn, nìkan ló ń gbá bọ́ọ̀lù, pé eré òṣùpá làwọn tó kù ń ṣe. Ọmọ Michigan tó máa ń jókòó tì í á ní: "Ta ló gba ife gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún méjì tó kọjá?" Òótọ́ kúkú ni. Michigan na Washington 34 sí 13 ní pápá ìṣeré NRG níbí ní January 2024. Mo ṣì ń ṣe kabúkabú nígbà náà. Mẹ́ta nínú wọn wọ ọkọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n kun ojú ní yẹ́lò àti búlúù, wọ́n ń kọrin débi pé mi ò gbọ́ ohun tí fóònù ń wí, mo ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dà náà sì wà lára ìjókòó ẹ̀yìn di Sátidé. Ní January ọdún yìí, Ohio State na Notre Dame 34 sí 23 ní Atlanta. Big Ten ni Michigan àti Ohio State méjèèjì.

Ohun tó kó mi sí i ni pé àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Texas ní Austin. Mo ti ra ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn. Texas kúrò ní Big 12 lọ sí SEC lọ́dún 2024, nítorí náà wọ́n ti kà mí mọ́ ará SEC láìbi mí. Àtẹ tí àwọn oníròyìn Associated Press (AP) dìbò sí lóṣù yìí tún gbé Texas sí ipò kìíní, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ 25 orí àtẹ náà, 10 ni ti SEC, 6 ni ti Big Ten, 4 ni ti Big 12, 3 ni ti ACC.

Àmọ́ àtẹ yìí jáde kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Kí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n? Ṣé ẹni tó gba ife la fi ń mọ conference tó le ni, àbí gbogbo wọn látòkè délẹ̀?

Ọmọ_Ìbàdàn_Atlanta

Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ wo ló wà níbẹ̀? SEC ni, ẹ jẹ́ ká sùn. Láti sáà 2006 dé 2012, ọdún méje gbáko, ilé SEC ni ife náà ń sùn: Florida lẹ́ẹ̀mejì, LSU, Auburn, Alabama lẹ́ẹ̀mẹta. Láti 2019 dé 2022, wọn ò tún jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Georgia wa na TCU 65 sí 7 ní January 2023. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe TCU ti lọ sùn kí wọ́n tó padà láti ìsinmi ìlàjì. Ọdún méjì péré ni Big Ten ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i jẹ, ariwo wọn ti gba ìlú. Ẹ sì wo NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ jẹun: ọdún lọ, ọdún bọ̀, SEC ló ń kó ọmọ wọ ibẹ̀ jù.

Ìyá_Columbus

Àbúrò mi ní Houston, ẹ kú oríire ọmọ tó wọ yunifásítì o. Ọlọ́run á jẹ́ kó parí rẹ̀ láyọ̀.

Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti wà ní Columbus. Nọ́ọ̀sì ni mí, bọ́ọ̀lù kọ́ ló gbé mi wá. Àmọ́ nílùú yìí, bó o fẹ́ bó o kọ̀, wàá mọ̀ ọ́n. Sátidé tí Ohio State bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé ni mo máa ń lọ ra iṣu àti ẹran ewúrẹ́, torí bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, títì á dá páropáro bí ọjọ́ kónílé-ó-gbélé. Lọ́jọ́ tí Michigan wá nà wá 13 sí 10 ní November tó kọjá, odidi wọ́ọ̀dù dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Ẹ wá wò ó: ipò kẹrin ni Ohio State yẹn ṣe nínú Big Ten, òun náà ló sì padà gba ife gbogbo Amẹ́ríkà.

Síbẹ̀, ẹni tó bá fi ife nìkan díwọ̀n conference dà bí ẹni tó wo orí ẹja tó sanwó láìwo ìrù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ń na ara wọn nínú ilé, ìtumọ̀ méjì ló máa ń ní. Ní 5 October 2024, Vanderbilt na Alabama 40 sí 35. Àwọn ọmọ Vanderbilt hú òpó góòlù, wọ́n gbé e la àárín Nashville kọjá, wọ́n lọ jù ú sínú odò Cumberland. Ará SEC ní: "Ẹ ò rí i pé ẹni ẹ̀yìn wa pàápàá ń jáni jẹ?" Ká ní Purdue, ẹni ẹ̀yìn Big Ten, ló na Ohio State bẹ́ẹ̀, àwọn kan náà á ní Ohio State ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ìjà tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò lè sọ bí ìdílé ṣe lágbára tó. Ó dìgbà tí wọ́n bá bọ́ síta.

Níta ńkọ́? Ní 31 December, Michigan na Alabama 19 sí 13, Illinois na South Carolina 21 sí 17. Nínú playoff, ìdíje tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó gba ife, Ohio State na Tennessee 42 sí 17, ó sì na Texas 28 sí 14 (Bàbá Austin, ẹ má bínú). Ọmọ Ìbàdàn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2006.

Àmọ́ ìrù tiwa náà ń rùn. Ní Sátidé kan ṣoṣo, 14 September 2024, Notre Dame na Purdue 66 sí 7 nílé Purdue, Toledo sì lọ na Mississippi State ti SEC 41 sí 17 nílé wọn. Notre Dame yìí kan náà, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni Northern Illinois wá nà án 16 sí 14 lójúde rẹ̀. MAC, conference kékeré kan, ni Toledo, MAC náà ni Northern Illinois nígbà yẹn. Tá a bá ń wọ̀n ọ́n báyẹn, ká kúkú gbé adé lọ fún MAC.

Àárín ni èmi máa ń wò, ẹni keje sí ẹni ìkejìlá. Ibẹ̀ ni SEC ti jù wá lọ. Ẹ fi Florida, Oklahoma àti Texas A&M sápá kan, ẹ fi Nebraska, Rutgers àti Washington sí ìkejì: èmi tí mò ń gbé Ohio mọ ibi tí màá fowó mi sí. Ẹ kàn má gbàgbé pé ìdíje mẹ́jọ ni SEC ń gbá láàárín ara wọn, tiwa jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ́ 16 ni wọ́n. Bí wọ́n bá gbá ẹyọ kan sí i, ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló máa jẹ ìyà kún ìyà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tó gbà láti gbá mẹ́sàn-án, ó sì dọdún 2026.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tempe

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí. Lésìí, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn oníròyìn fi Arizona State wa sí ipò ìkẹrìndínlógún nínú ẹgbẹ́ 16 tó wà ní Big 12. Àwa la gba conference náà. A sì bá Texas fà á wọ àfikún àkókò ẹ̀ẹ̀mejì kí wọ́n tó nà wá 39 sí 31. Mi ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láti sọ nípa àtẹ.

Ọmọ_Ìbàdàn_Atlanta

Mummy Columbus, ẹ ń gbè sẹ́yìn Big Ten torí àwọn ọmọ wa tó pọ̀ níbẹ̀. Vanderbilt ni Dayo Odeyingbo ti gbá tirẹ̀ o, SEC nìyẹn.

Ìyá_Columbus

Mò ń gbè! Olumuyiwa Fashanu ní Penn State, Olusegun Oluwatimi ní Michigan, kí ló burú? Michigan tí mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ilé mi, nígbà tí Oluwatimi gba àmì ẹ̀yẹ Outland lọ́dún 2022, mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo kọ́kọ́ tilẹ̀kùn ni, kí aládùúgbò má baà gbọ́. Virginia ló sì ti wá, ACC nìyẹn. Sáà kan péré ló lò ní Michigan. Ohun tó ń da àtẹ yín rú náà nìyẹn. Ẹni tó ń gbá fún yín lésìí lè máa gbá fún wa lónìí.

Awakọ̀_Houston

Ẹ ṣeun gan-an, Mummy. Mo gbé ọ̀rọ̀ yín lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án yìí. Mo fún àwọn méjèèjì ní bébà, mo ní kí wọ́n má kọ ẹni tó máa gba ife, kí wọ́n kọ ẹgbẹ́ tí wọ́n rò pé yóò ṣe ipò keje dé ìkẹwàá nínú conference wọn, tí wọ́n sì lè fi owó ara wọn lé pé yóò na ti ẹnìkejì. Ọmọ Alabama kọ tirẹ̀ kí n tó ṣí omi mu. Ọmọ Michigan kọ méjì, ó wá ń họrí.

Sátidé ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa gba Texas lálejò.

Ìyá_Columbus

Agogo méjìlá ọ̀sán tiwa, mọ́kànlá tiyín. Ẹ wọ ẹ̀wù ọsàn yín. Èmi á ti wà nídìí iṣu, ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí mi.