Ẹ gbà mí o: Samarkand, Bukhara, Darvaza, ìrìn-àjò yìí fẹ́ dàrú mọ́ mi lọ́wọ́

Arìnnàkore: Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹni tó ń bá mi ṣètò ìrìn-àjò gbowó tán, kò gbé fóònù mọ́. Ẹni tá a jọ fẹ́ lọ ti yẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì Afrosiyob, reluwé tó ń sáré gan-an, láti Tashkent sí Samarkand ní Uzbekistan ti tán! Mo fẹ́ dé Bukhara, kí n kọjá sí Turkmenistan lọ wo Merv, ìlú àtijọ́ tó ti di ahoro, àti iná Darvaza, ihò gáàsì tó ń jó nínú aṣálẹ̀, kí n wá padà sí Uzbekistan, kí n já sí Khiva. Báwo ni mo ṣe lè rí tíkẹ́ẹ̀tì?

Ìyá Tòkunbọ̀: Ẹ fọkàn balẹ̀. Reluwé Sharq náà ń lọ Samarkand, ó sì ń dé Bukhara. Kò kàn yá tó Afrosiyob ni. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì táwọn èèyàn dá padà máa ń yọjú. Oṣù wo lẹ ń lọ?

Gbénga A.: Oṣù wo gan-an! Ní oṣù keje, ooru Karakum, aṣálẹ̀ Turkmenistan, máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ ò sọ oṣù, ẹ ò sọ irú físà, tíkẹ́ẹ̀tì lẹ ń sunkún lé lórí.

Arìnnàkore: Oṣù kẹwàá ni. Ẹ má jágbe mọ́ mi, owó mi tó há ló ń dùn mí.

Ìyá Tòkunbọ̀: Oṣù kẹwàá dáa, àmọ́ ẹ mú aṣọ òtútù. Aṣálẹ̀ máa ń tutù lóru.

Báyọ̀: Ẹ fi Turkmenistan sílẹ̀. Iná Darvaza ti rọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wọ mọ́tò láti Bukhara sí Khiva, nǹkan bíi kìlómítà 450 gba inú aṣálẹ̀ Kyzylkum.

Gbénga A.: Báyọ̀, ìyẹn kọ́ ló béèrè. Físà ńkọ́?

Arìnnàkore: Mo ti gba ti Uzbekistan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan. Tashkent ni máa ti wọ bàálù padà, mo ti sanwó ẹ̀.

Gbénga A.: Ibẹ̀ gan-an nìṣòro wà! Tẹ́ ẹ bá ti gba Alat, ibodè Uzbekistan, jáde sí Farap ní Turkmenistan, físà yẹn ti parí. Tẹ́ ẹ bá dé Shavat, ibodè tẹ́ ẹ máa gbà padà wọ Uzbekistan, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé lọ sí Khiva. Ìwọlé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ nílò, dọ́là 35 ni.

Ìyá Tòkunbọ̀: Tàbí kẹ́ ẹ lọ Khiva ṣáájú, kẹ́ ẹ wá gba Shavat bọ́ sí Dashoguz ní Turkmenistan, Darvaza, Merv, kẹ́ ẹ wọ bàálù ní Ashgabat, olú ìlú ibẹ̀.

Arìnnàkore: Mi ò lè pààrọ̀ bàálù.

Gbénga A.: Ẹ yáa gba físà tuntun kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì reluwé kankan. Ó ń gbà tó ọjọ́ iṣẹ́ 3, ó kéré tán. Ẹ wá ẹlòmíì tó máa ṣètò Turkmenistan, kó rí i pé Farap ni wọ́n kọ fún ìwọlé, Dashoguz fún ìjáde. Káàdì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹ mú dọ́là tó mọ́ dání, èyí tí kò ya, tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára.